Akọ òkúta, mábù, òkúta alátè: ẹ má jẹ́ ká pe gbogbo wọn ní "òkúta dídán"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Àbá tí ọ̀gá wa láti Ìbàdàn mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ní kí á máa pe gbogbo òkúta tí wọ́n ń tẹ́ sórí kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná àti sí ìdí síǹkì balùwẹ̀ ní "òkúta dídán", kí á fi gíránáìtì, mábù àti kúọ́tìsì sílẹ̀ fún àwọn tó ń tà wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fi orúkọ yẹn lọ sọ́jà, owó rẹ̀ lè wọgbó.

Dídán kì í ṣe ìwà òkúta kankan, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Máṣíìnì ló ń dán an. Bí wọ́n bá dá máṣíìnì dúró lágbedeméjì, mábù á jọ̀lọ̀ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò ní dán, àwọn kan sì wà tó jẹ́ irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá, torí àbàwọ́n kì í tètè hàn lára rẹ̀. Táìsì náà ń dán. Ohun tó yẹ kí orúkọ sọ fún wa ni ohun tí òkúta máa ṣe bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá dà sí i, bí wọ́n bá gbé ìkòkò gbígbóná kà á, bí ọ̀bẹ bá fà á lára.

Gíránáìtì ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù níbí. Ní Abẹ́òkúta, bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ra gíránáìtì, ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sọ́kàn ẹni tó ń gbọ́ yín ni òkúta fífọ́ tí bíríkìlà fi ń po kọnkéré, èyí tí típà ń kó wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sílé ìdáná, gíránáìtì náà ni wọ́n ń pè é. Orúkọ kan, ọjà méjì. Àwọn tó ń ta pẹlẹbẹ fúnra wọn kì í sì lo orúkọ náà bí onímọ̀ òkúta ti ń lò ó. Òkúta dúdú tó ní ẹ̀kán wúrà wínníwínní lára, tí wọ́n ń pè ní Black Galaxy, tó ń wá láti agbègbè Ongole ní Íńdíà, gíránáìtì ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí. Onímọ̀ òkúta á ní rárá o, ẹbí gábúrò ni, òkúta dúdú líle mìíràn tó yàtọ̀ sí gíránáìtì.

Lójú tèmi, akọ òkúta ni kí á máa pè é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bíbélì Yorùbá lò ó ní Diutarónómì 8:15, níbi tí omi ti jáde láti inú òkúta akọ. Líle ni "akọ" ń sọ níbẹ̀, bí a ti ń wí pé akọ igi, akọ iṣẹ́, akọ ibà. Ọ̀rọ̀ yìí gba gíránáìtì gidi, ó sì gba gábúrò, nítorí ìwà ló dúró lé, kì í ṣe èròjà, ìwà yẹn ló sì kan ẹni tó ń dáná. Lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs, ará Jámánì, gbé kalẹ̀ ní 1812, láti 1 tó rọ̀ jù dé 10 tó le jù, kúọ́tìsì tó wà nínú gíránáìtì wà ní 7, fẹ́ldísípà, èròjà mìíràn inú rẹ̀, wà ní 6. Ọ̀bẹ ilé ìdáná kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnu ọ̀bẹ ló ń bàjẹ́, kì í ṣe òkúta. Ẹ gbé ìkòkò àmàlà láfún kà á látorí iná, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Kò ju kí wọ́n máa fi oògùn dí ihò wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ, kí epo pupa má baà ríbi wọlé, pàápàá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá wa kò dúró de òṣùwọ̀n kankan kí wọ́n tó mọ èyí: akọ òkúta ni ọlọ ata. Ẹni tó bá fi mábù ṣe ọlọ, á máa jẹ ìyẹ̀fun rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ ni.

Ẹnì kan bi wá pé ṣé kò yẹ kó jẹ́ "àpáta", nígbà tó jẹ́ pé ara àpáta ni wọ́n ti gé e. Orúkọ ìlú wa ti dáhùn. Olúmọ, tí àwọn bàbá wa tẹ̀dó sí abẹ́ rẹ̀ ní 1830, àpáta ni, gíránáìtì sì ni, síbẹ̀ Abẹ́òkúta ni wọ́n sọ ìlú. Òkúta gba gbogbo rẹ̀, látorí èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré títí dé èyí tí odidi ìlú wà lábẹ́ rẹ̀. Àpáta ni èyí tó ṣì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Bí wọ́n bá ti gé lára rẹ̀ gbé lọ sílé, ó ti di òkúta.

Ní ti mábù, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n dábàá "òkúta ẹfun". Mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ: mábù àti òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe ṣìmẹ́ǹtì, ọmọ ìyá ni wọ́n, káṣíọ́ọ̀mù kábónéètì ló pọ̀ jù nínú méjèèjì, ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ ló ń sọ irú òkúta bẹ́ẹ̀ di mábù. Ṣùgbọ́n ẹfun lohun tí a ń fọwọ́ rún, tó ń kun ọwọ́ ní funfun. Ta ló máa gbọ́ òkúta ẹfun tí kò ní rò pé á máa ta sí òun láṣọ? Mábù ti di Yorùbá. Àwọn tó ń kọ orúkọ olóògbé sójú sàréè ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò kàwé rí mọ̀ ọ́n, ilẹ̀ Ìgbẹ́tì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní i nínú.

Ibì kan wà lọ́nà Ọbáńtókò tí wọ́n ti ń gé òkúta. Ọ̀gá ibẹ̀ kì í bá oníbàárà jiyàn. Á gbé àjákù mábù funfun kan sórí tábìlì, á la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, á fún un lé e lórí, á ní kí wọ́n jókòó ná. Tó bá yá, á nù ún. Àwọ̀ òkúta náà kò yí, ṣùgbọ́n bó bá gbé e dá sí oòrùn, ojú ibi tí omi ọsàn dé ti kú, ẹ ó rí òbírí rẹ̀ kedere, bí ẹ bá sì fi ìka rá a, kò jọ̀lọ̀ mọ́. Á ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí àjákù akọ òkúta, nǹkan kan kò ní ṣe é. Ìgbà yẹn ni á wá béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ máa ń se ọbẹ̀ tòmátò?" Líle mábù kò ju nǹkan bíi 3 lọ lórí òṣùwọ̀n Mohs. Balùwẹ̀ ló yẹ ẹ́ jù, níbi tí ọsàn àti tòmátò kì í dé. Níbẹ̀ pàápàá, ẹ má jẹ́ kí oògùn oníásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kàn án.

Kúọ́tìsì ni orúkọ tó ń tan ènìyàn jẹ jù. Kúọ́tìsì tòótọ́ wà nínú gíránáìtì, ó wà nínú yanrìn odò Ògùn. Èyí tí wọ́n ń tà lórúkọ yẹn, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á lọ kúọ́tìsì wẹ́wẹ́, tó sábà máa ń tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fi réésìnì, ohun tó ń lẹ nǹkan pọ̀ bíi gúlúù, pò ó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á fi ooru mú un le. Réésìnì yẹn ni kò jẹ́ kí epo ríbi wọlé, tí kò fi nílò oògùn ìdíhò. Òun náà ló ń mú kí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná lè dá àpá sí i lára, tí àpá náà kò sì ní lọ.

A ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń lẹ nǹkan pọ̀: àtè, èyí tí a fi oje igi ṣe láti mú ẹyẹ. Òkúta alátè ni mo dábàá. "Òkúta àtọwọ́dá" tí àwọn kan mú wá fẹ̀ jù, torí búlọ́ọ̀kù jẹ́ àtọwọ́dá, tẹ́rásò ilẹ̀ ilé àwọn bàbá wa náà jẹ́ àtọwọ́dá. Ẹni tó bá gbọ́ alátè á mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí iná lè bá jà. Ẹ̀mí àwọn tó ń gé e tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Eruku rẹ̀, bí wọn ò bá fi omi gé e, ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa àìsàn tí kò ní ìwòsàn, débi pé Ọsirélíà fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje, 2024. Eruku akọ òkúta náà léwu, ṣùgbọ́n ti alátè ju tirẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ tó so aṣọ mọ́ imú nìkan gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn nínú orúkọ.

Ibi tí òkúta wà ńkọ́? Kántà, ibi ìtajà ni. Slábù tún ni ohun tí wọ́n fi ń bo gọ́tà. Mo fara mọ́ pẹpẹ: pẹpẹ ìdáná, pẹpẹ balùwẹ̀. Àwọn tó ní ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ rántí pé pẹpẹ wà nínú ilé Yorùbá, tí a ń gbé nǹkan lé e, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn pẹpẹ kí omi má baà jò sẹ́yìn kábínẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tó wà ní Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn tó ń gé òkúta lọ́dọ̀ yín ohun tí wọ́n ń pè é, kí ẹ sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é gan-an.