Láti Inistioge padà sí ìdí reluwé Thomastown lọ́jọ́ Àìkú, láìní ọkọ̀

Ẹ kú ọjọ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè Kilkenny ní Ireland, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ti sú mi.

Ọjọ́ méjì la fẹ́ lò. Ti ọjọ́ kìíní ò le: reluwé láti Heuston ní Dublin dé ìlú Kilkenny, bíi wákàtí kan àbọ̀, ká wo ààfin tó wà létí odò Nore, ká sì gun ilé gogoro róbótó ti ṣọ́ọ̀ṣì St Canice, tó ga tó mítà 30. (Àkàbà ló wà nínú rẹ̀, ẹni tí orúnkún ń dùn, kó dúró nísàlẹ̀.)

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, ni ìṣòro wà. A fẹ́ fẹsẹ̀ rin etí odò láti Thomastown dé Inistioge, nǹkan bíi kìlómítà 11. Àlọ nìkan ni ọ̀nà náà, Inistioge ò sì ní reluwé. Mo wo títì R700: ó tóóró, ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Mo wá bọ́ọ̀sì, n ò rí èyí tó bá reluwé ìrọ̀lẹ́ mu. Èrò tó kù ni ká gba takisí lọ sí Inistioge láàárọ̀, ká wá máa rìn bọ̀ ní Thomastown, kó jẹ́ pé ìdí reluwé la máa parí sí.

Ṣé èèyàn lè rí takisí ní Thomastown láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àbí dandan ni ká ti pè é sílẹ̀ láti Kilkenny? Bí òjò bá sì ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì ṣáájú, apá ibo lọ́nà náà ni omi máa ń bò?