Ẹ gbà mí, ọ̀la ni mo ń wọ odò Colorado

Àbíkẹ́ Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ló fà mí sí i. Ọ̀la la ó wọ ọkọ̀ rọ́bà ní Lees Ferry gba inú àfonífojì Grand Canyon ní Amẹ́ríkà. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fídíò Lava Falls, ibi tí odò náà ti ń ru gùdù lórí àpáta, oorun ti dá lójú mi. N kò mọ omi wẹ̀. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn kọjá ibẹ̀? Ẹ tètè dáhùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí nísàlẹ̀ yẹn.

Bàbá Ìbejì Houston: Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ omi wẹ̀! Fara balẹ̀, àbúrò. Máìlì 179 sí Lees Ferry ni Lava wà, o ṣì máa sùn lọ́nà. Tó o bá ti rí àpáta dúdú kan tó dá dúró láàárín odò, Vulcan's Anvil nìyẹn, ó ku máìlì kan. Gbogbo yín á dákẹ́ níbẹ̀. Èmi, lọ́jọ́ tí mo gba ibẹ̀, bí ìgbì ṣe dìde báyìí, mo ju àjẹ̀ sílẹ̀, mo di okùn mú. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ hàn án, ó dojú dé. Ìsàlẹ̀ adágún Lake Powell, tí oòrùn kì í dé, ni ìdídò ti ń tú omi yẹn jáde. Oòrùn ń jó mi lórí, òtútù ń pa mí nísàlẹ̀. Má ju àjẹ̀ sílẹ̀ o!

Dàmi Denver: Mo kọ́kọ́ kà á sí “àjẹ́”. Àyà mi já.

Ìyá Tọ́lá Phoenix: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹni tó darí yín ló sún mọ́ àárín jù. Ihò omi ńlá, ibi tómi ti ń yí padà sẹ́yìn, ló wà níbẹ̀. Ọ̀tún ni wọ́n ń gbà tómi ò bá pọ̀.

Bàbá Ìbejì Houston: Ọ̀tún náà la gbà! Àwa mẹ́fà ń tukọ̀, ọ̀kan ṣíwọ́. Ṣé ọkọ̀ ò ní yí?

Ìyá Tọ́lá Phoenix: Ọkọ̀ tó ti fẹ̀gbẹ́ kó tó kan ìgbì, ogún àjẹ̀ ò lè gbà á. Imú ọkọ̀ ló yẹ kó kojú ìgbì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gba ibẹ̀.

Dàmi Denver: Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Àbíkẹ́, tó o bá já bọ́, fẹ̀yìn lélẹ̀, na ẹsẹ̀ síwájú, jẹ́ kí jákẹ́ẹ̀tì gbé ẹ. Má fẹ́ dìde dúró, ẹsẹ̀ á há sáàárín àpáta. Ní kí ẹnì kan fa jákẹ́ẹ̀tì náà léjìká kẹ́ ẹ tó gbéra. Tó bá gòkè dé etí rẹ, o ò tíì dì í dáadáa. Má wọ jíìnsì.

Bàbá Ìbejì Houston: Ìyá Tọ́lá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dín ẹyin lórí títì ní Phoenix lẹ mọ odò?

Ìyá Tọ́lá Phoenix: Houston ńkọ́? Òjò kékeré rọ̀, títì di ọ̀sà! Ẹ máa fi ọkọ̀ rọ́bà lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá Ìbejì Houston: A ń rí ṣàkì àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rà, ó tó wa.

Àbíkẹ́ Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ ṣé o. Rírìn kọjá ńkọ́?

Dàmi Denver: Powell gan-an, ẹni tó kó àwọn olùṣàwárí gba inú Grand Canyon lọ́dún 1869, kò tukọ̀ gba Lava. Wọ́n gbé ọkọ̀ wọn gba orí ilẹ̀ ni.

Ìyá Tọ́lá Phoenix: Bàbá àgbà mi máa ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lójú ọ̀sà, èmi á jókòó láàárín ẹja tútù. N ò mọ̀ nígbà yẹn pé omi máa ń pariwo.

Àbíkẹ́ Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mú mi rántí ọjà Òlúwo. Ebi wá ń pa mí.

Bàbá Ìbejì Houston: Ta ló ń ta ẹja yíyan ní Denver?