Ohun tí kámẹ́rà rí nínú oko kòkó wa lójú ọ̀nà Ìdànrè

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń ka ìtàn ohun tí kámẹ́rà yín rí nínú igbó bọ̀ láti àná, ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ igi yẹn, tó máa ń dá ya àwòrán ẹran tó bá kọjá, ránṣẹ́ sí mi. Tí òtútù bá ti lọ lọ́dọ̀ wọn tí ewé tún ń rú, òun máa ń so tiẹ̀ sẹ́yìn ilé, á wá fi àwòrán àgbọ̀nrín ọ̀hún hàn mí, ìwo àwọn akọ á ti re, tuntun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa hù. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ o, ìwo àgbọ̀nrín tibí kì í re.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ni mo so tèmi mọ́ igi létí odò kékeré tó gba inú oko bàbá mi kọjá. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà tí mo padà débẹ̀, àwòrán tó lé ní 800, koríko ni gbogbo ẹ̀! Àṣé ooru ara ẹran tó ń rìn ló ń jí nǹkan yẹn, tí oòrùn bá wá mú koríko gbóná tí atẹ́gùn sì ń fì í síwá sẹ́yìn, ẹran ló máa pè é. Bátìrì 8 ló jẹ tán, ó dùn mí gan-an. Mo fi àdá ṣán iwájú ẹ̀, mo yí ojú ẹ̀ sí àríwá kí oòrùn má baà máa wọ̀ ọ́ lójú, mo sì so ó wálẹ̀ dé orúnkún.

Ẹ̀ẹ̀kejì, òkété, òkété, òòrẹ̀ kan, òkété. Ó wá ku fídíò aago 5:40 ìdájí. Abo àgbọ̀nrín kan dúró, etí ẹ̀ kan ya, ojú ẹ̀ ń tàn bíi tọ́ọ̀ṣì, ọmọ ẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ tín-ín-rín bí ọwọ̀, tó ń gbọ̀n, ìyá ń lá a látọrùn dé ìdí. Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n ní látìgbà tí wọ́n ti bí mi àwọn ò rí àgbọ̀nrín nínú oko yẹn mọ́. Wọ́n ní, “Wọn ò tíì tán.”

Àmọ́ látọjọ́ náà ìyá nìkan ni mò ń rí, ọkàn mi ò balẹ̀, ẹ̀rù ọlọ́dẹ ń bà mí.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Bàbá Ondó:
Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Mo ti ṣọdẹ rí kí n tó fi í sílẹ̀. Inú igbó dídí ló ń fi ọmọ pa mọ́ sí, á lọ jẹun, á padà wá fún un lọ́mú, kódà ó máa ń jẹ ìgbẹ́ ọmọ náà kí òórùn má baà tú u fó. Jọ̀ọ́ má wọgbó lọ wá a, òórùn ẹsẹ̀ rẹ lè lé ìyá sá. Má sì júwe oko yẹn fún ẹnikẹ́ni, àní ọ̀rẹ́ rẹ.

Èsì mi:
Ẹ ṣé gan-an sà. Mi ò wọbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí ẹ ṣe wí. Àná ni mo yọ káàdì, àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀, ọmọ ti ń já ewé jẹ.