Èsì: "Àtúngbìn" kọ́ o, "lílọ́" ni

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Mo ti pinnu pé mi ò ní dá sí i. Láti ọjọ́ Ajé tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kánádà ti fi ìwé pélébé tí wọ́n túmọ̀ ránṣẹ́, "Ìsọdipúpọ̀ àti Àtúngbìn Píónì Nínú Ọgbà Ilé" (òdòdó ilẹ̀ olótùútù kan ni píónì), ni mo ti ń kà á tí mo ń mí kanlẹ̀. Àfi ìgbà tí àbúrò wa kan kọ ọ́ lánàá pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún kí á yọ ohun ọ̀gbìn níbì kan kí á fi í sí ibòmíràn, pé ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ṣẹ̀dá "àtúngbìn". Kò ní ọ̀rọ̀ kẹ̀?

Ọjà Ọba, níbí ní Òṣogbo, ni ìyá tó bí ìyá mi ti ta ata títí ó fi dàgbà kọjá ọjà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbin ata náà. Bí ọmọ ata bá ti ga tó ìka ọwọ́, á dúró de ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. Á fi ọ̀bẹ tí kò mú mọ́ yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, á fi ìka gún ilẹ̀, á kì í bọ̀ ọ́, á fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á wá fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Bí o bá bi í pé kí ló ń ṣe, á ní, "Mò ń lọ́ ata." Lọ́, ohùn òkè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà, mo sì mọ̀ pé bí ó bá ní n wá bá òun lọ́ ata, oko là ń lọ. Bó bá ní n wá lọ ata, ìdí ọlọ ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní gírámà kan kí n tó mọ̀ ọ́n.

"Àtúngbìn" wá ńkọ́? Àwọn kan ní kò sí ohun tó ṣe é, pé à- ni, tún ni, gbìn ni. Mi ò sọ pé kò bófin mu. Àtáọ́ja tiwa náà, "a tẹ́wọ́ gba ẹja" ni àwọn baba wa ní ó ti wá, ṣùgbọ́n ẹja ti wà lọ́wọ́ ọba kí orúkọ tó jáde. Ohun tó ń bí mi nínú ni tún yẹn. Bí àparò bá hú àgbàdo jẹ, a ó tún un gbìn. Bí ọ̀dá bá pa ẹ̀wà, a ó tún un gbìn. Ohun tó bá kú la ń tún gbìn! Píónì tí ẹ yọ lẹ́yìn ilé tí ẹ gbé sí iwájú ilé kò tíì kú, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹnì kan ní bí a bá sọ lọ́ di orúkọ, àlọ́ ni yóò dà, pé àwọn ọmọdé á máa dáhùn "Ààlọ̀!" Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ló wá fi à- ṣe dandan? Gbìn, gbígbìn, lọ́, lílọ́. Ó parí.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti Dókítà wa, tí wọ́n rán wa létí ìwé Róòmù orí 11, níbi tí wọ́n ti lọ́ igi òróró ìgbẹ́ sára ti inú oko. Wọ́n ní lọ́ ti di ti síso ẹ̀ka igi kan mọ́ òmíràn, kò ṣeé lò fún ọmọ ata mọ́. Wọ́n tún fi kún un pé píónì onígi, èyí tí igi rẹ̀ kì í kú nígbà òtútù, ọ̀nà yìí gan-an ni wọ́n fi ń mú un bí sí i: wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ gbòǹgbò píónì oníkoríko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Lọ́ sára, lọ́ sí ilẹ̀. Iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Dókítà bi mí bóyá mo ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Rárá sà. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ti lọ́ ata rí.

"Ìsọdipúpọ̀" tí wọ́n fi pe mímú òdòdó bí sí i ńkọ́? Èyí tilẹ̀ burú ju àtúngbìn lọ. Ó dà bí iṣẹ́ ìyanu búrẹ́dì márùn-ún. Ẹ wo ohun tí ìwé náà ní kí á ṣe: kí á wa ìdí píónì ní Oṣù Kẹsàn-án tàbí Oṣù Kẹwàá, kí á gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, kí á fi ọ̀bẹ mímú gé e sí wẹ́wẹ́, kí ìkọ̀ọ̀kan ní ojú 3 sí 5. Ojú! Ẹ wo àwòrán tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́: gbòǹgbò pọ́npọ́n bí ọmọ pákí, tí ojú pupa ṣóṣóró jáde lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbin iṣu rí kò ní pe èyí ní nǹkan mìíràn. Èbù ni. Kí á gé èbù.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á dìde. Èbù iṣu tí a gé láàárín, tí kò lójú, ṣì lè hù bí èèpo bá wà lára rẹ̀. Ti píónì oníkoríko tí kò lójú, ẹ kàn sin gbòǹgbò lásán ni. Mo gbà. Ẹ pè é ní èbù olójú. Iṣu pẹ̀lú kò bìkítà bí ebè bá ga, ṣùgbọ́n bí ojú píónì bá wọlẹ̀ ju íńṣì 2 lọ, ewé nìkan lẹ ó máa rí lọ́dọọdún, ẹ ò ní rí òdòdó. Kódà bí ẹ bá ṣe é bó ti yẹ, ó lè tó ọdún 2 sí 3 kó tó tanná dáadáa. Kò fẹ́ kí wọ́n máa yọ òun lẹ́nu, bí Bàbá Landlord mi.

Ní ti ẹni tó ní ká pè é ní "ọba òdòdó" nítorí àwọn ará Ṣáínà: píónì onígi ni wọ́n fi jọba o. Oníkoríko tí ìwé yìí ń sọ, olórí ìjòyè ọba ni wọ́n pè é. Baṣọ̀run lẹ fẹ́ dé ládé yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ píónì.

Àbúrò tó ń bèèrè ibi tí òun ti lè ra èbù rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, má fowó ṣòfò. Ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sùn nínú òtútù gidi kó tó lè tanná, ọyẹ́ Òṣogbo kò sì tó o láti fi bora. Sùn ni mo wí o. Ta ló kọ "ìdákú" sójú ìwé kejì? Ṣé wọ́n na òdòdó náà ni? Èyí la ó ṣì jà lé lórí, mo mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé ẹ ti gbọ́ díẹ̀ nínú ẹjọ́ wa, ẹ ti yọ àtúngbìn kúrò nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ ní àárọ̀ yìí. A dúpẹ́ sà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà kẹsàn-án: "Oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ lọ píónì yín." Ẹ bá wa fi àmì ohùn sí i kíákíá, kí ẹnì kan má baà gbé e lọ sórí ọlọ.