Ẹ júwe fún mi: ẹgbẹ́ olùwádìí wo ni kí n kọ̀wé sí lórí graphics àti geometry?

Kékeré_Onígun: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo parí máàsítà nínú ìṣirò, mo sì fẹ́ ṣe PhD lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gbé àwòrán ohun tó ní gígùn, ìbú àti gíga ró. C++ mi ò tíì já gaara. Yunifásítì wo ni kí n dojú kọ?

BàbáMesh: Ẹnu mi ì bá yá láti pe Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni Gouraud àti Phong ti ṣe iṣẹ́ lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń hàn lára nǹkan, ibẹ̀ náà ni Newell ti fi kọ̀ǹpútà ya ìkòkò tíì rẹ̀ ní 1975. Àmọ́ orúkọ àná kọ́ ló máa ka iṣẹ́ rẹ lọ́la. Kóòdù tí wọ́n gbé jáde ni kí o wò. Libigl ti ETH Zürich ní Switzerland àti OpenMesh ti RWTH Aachen ní Jámánì, àkójọ kóòdù C++ fún irú àwòrán yìí ni wọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Gbé ehoro Stanford sí i, ìyẹn àwòrán ehoro láti Yunifásítì Stanford tí a fi ń dán irú kóòdù báyìí wò, kó o sì ka kóòdù náà yé kó o tó kọ lẹ́tà kankan.

Àǹtí_Gíláàsì: Bọ̀dá, oníṣirò lọmọ yìí o! TU Wien ní Austria ni tèmi. Wọ́n ti pẹ́ nídìí ìṣirò òrùlé tó tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí wọ́n fẹ́ fi gíláàsì pẹlẹbẹ bò. Onígun mẹ́ta ò le, torí ibi yòówù kí igun mẹ́ta wà, ojú pẹlẹbẹ kan máa gbà wọ́n. Igun kẹrin ló ń dá wàhálà sílẹ̀: bó bá yẹ̀ díẹ̀, gíláàsì ò jókòó mọ́. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti dùn.

Ò_Rí_Ọ̀gá: Orúkọ ńlá ni mo tẹ̀ lé ní tèmi. Ọdún kan gbáko, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fojú kan ọ̀gá mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ báyìí ni kó o bi, má bi ọ̀gá. Kó o sì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kíláàsì geometry tí Keenan Crane ṣe ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá sú ọ, o ti mọ̀.

Kékeré_Onígun: Ẹ ṣé gan-an. Mo gbé ehoro náà sínú libigl lánàá, àmọ́ ihò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé kóòdù mi ló bà á jẹ́ ni?

BàbáMesh: Rárá o, bí wọ́n ṣe gbé e jáde láti 1994 nìyẹn. Wá bí wàá ṣe dí i, kó o fi kóòdù rẹ̀ sínú lẹ́tà.