Mo yan fọ́sífétì, ó yí padà: ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Tísà Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fẹ́ fi hàn wọ́n bí a ṣe ń mọ iye omi tó wà nínú iyọ̀. Na2HPO4·12H2O, iyọ̀ fọ́sífétì tó ní omi 12 nínú, ni mo lò, owó ara mi ni mo sì fi rà á ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo wọn gíráàmù 10 sínú kírúsíbù, ìkòkò kékeré tí a fi ń yan nǹkan, mo gbé e kaná gáàsì.

Kò pẹ́ rárá tó fi yọ́ di omi. Ó hó títí, ó gbẹ, ó funfun bí ẹfun. Mo fi í sílẹ̀ títí ìdí kírúsíbù fi pọ́n, torí mo fẹ́ kó gbẹ dénú. Nígbà tó tutù, mo wọ̀n ọ́n: 3.71. Èyí tí mo ti ṣírò sójú pátákó ni 3.96! Mo tún gbé e padà sórí iná, 3.71 náà ni.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ omi, mo kán silver nitrate, tí a fi ń dá fọ́sífétì mọ̀, sí i. Mo ti sọ fáwọn ọmọ pé àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n máa rí. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú ní, “Sà, funfun ni o.”

Ṣé ayédèrú ni? Mo fẹ́ gbé ìgò náà padà lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé.

Ọmọ Ṣàgámù:
Ẹ gbé e padà jàre! Wọ́n ti po iyọ̀ ọbẹ̀ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá kán silver nitrate síyọ̀ ọbẹ̀, funfun náà ló ń dà.

Ìyá Làábù, Ìlíṣàn:
Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ ẹ mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n iyọ̀ ọbẹ̀ kò lómi nínú. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ ọn, ohun tó kù nínú kírúsíbù á wúwo ju 3.96 ni, kò ní fúyẹ́.

Ẹ wò ó, omi 12 yẹn kàn jókòó ti iyọ̀ náà ni, bí omi ṣe wà nínú àpò ẹ̀gẹ́ ká tó gbé òkúta lé e. Ní nǹkan bíi 35°C ló ti ń yọ́ sínú omi ara rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, tẹ́ ẹ bá gbàgbé ìdérí ìgò, omi á ti máa sá lọ fúnra rẹ̀.

Àmọ́ tí iná bá ti kọjá 250°C, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Na2HPO4 kọ̀ọ̀kan ní háídírójìn kan. Méjì á kọjú síra wọn, ọ̀kan á yọ H sílẹ̀, èkejì á yọ OH, ìyẹn á di omi, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọ́síjìn kan á wá di afárá láàárín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì méjèèjì. Na4P2O7 nìyẹn, pyrophosphate. Omi yìí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí omi o. Iná ló dá a.

Ó sì ń gba iná gan-an. Omi tó ń hó lásán ń gba bíi kílójúùlù 41 kí mólù kan (bíi gíráàmù 18 omi) tó fò lọ. Ti afárá yìí lé ní 60. Bí ooru omi ṣe ń jáde tí kò padà wá ló ń ti iṣẹ́ náà síwájú, torí náà ẹ má dé kírúsíbù pa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 358.14 ni ìwọ̀n iyọ̀ yín. Tí omi 12 bá lọ, 3.96 ló kù nínú 10. Tí ìdajì omi kan bá tún tẹ̀ lé e, torí Na2HPO4 méjì ló ń pín omi kan, 3.71 géérégé! Ọwọ́ yín mọ́ púpọ̀.

Silver phosphate ló ní àwọ̀ ìyeyè. Ti pyrophosphate funfun ni. Láti 1833 ni Thomas Graham ti fi hàn pé fọ́sífétì pín sí ọ̀nà mẹ́ta, tó sì jẹ́ omi inú wọn ló yà wọ́n.

Ẹ kán nitric acid sí funfun yẹn. Tó bá yọ́, kì í ṣe ti iyọ̀ ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú lára ohun tẹ́ ẹ yan, ẹ fi nitric acid tẹ́ ẹ ti là sè é fún bí ìṣẹ́jú 20, kí omi lè já afárá náà. Ẹ wọ awò ojú. Ẹ wá fi àmóníà pa ásíìdì yẹn díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kán silver nitrate. Àwọ̀ ìyeyè yẹn ò lè dúró nínú ásíìdì, kò sì lè dúró nínú àmóníà tó pọ̀ jù.

Ọmọ Ìpẹrù:
Ìyá, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: NaH2PO4, fọ́sífétì mìíràn, ní háídírójìn méjì, ọwọ́ méjì ló fi ń di ẹlòmíì mú, torí náà ẹ̀wọ̀n àti òrùka ló ń dà. Tẹ́ ẹ bá yọ́ ọ ní bíi 630°C, tẹ́ ẹ sì mú un tutù kíákíá, bíi gíláàsì ló máa rí. Na3PO4 kò ní háídírójìn kankan, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni so.

Tísà Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ìyá, ẹ ṣé gan-an, mà. A ṣe é láàárọ̀ yìí. Funfun yẹn yọ́ pátápátá nínú nitric acid. Nígbà tí mo sè é tán, àmóníà tí mo kọ́kọ́ kán pọ̀ jù, a ò rí nǹkan kan. Mo fi ẹ̀kán ásíìdì kan dá a padà, àwọ̀ ìyeyè bá yọ bí ìkùukùu, ó rọra ń rọ̀ sí ìdí túùbù. Ọmọbìnrin ọjọ́sí yẹn ló dì í mú. Mi ò pa 3.96 rẹ́ lójú pátákó. Mo kọ 3.71 sábẹ́ rẹ̀, a sì ṣírò méjèèjì.