Ìda wo ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀ àbẹ́là inú ife?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá nídìí àbẹ́là ṣíṣe. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àbẹ́là olóòórùn dídùn tí wọ́n ń dà sínú ife gíláàsì, ọ̀rọ̀ ìda ló dá mi dúró.

Ìda sóyà, èyí tí wọ́n fi òróró ẹ̀wà sóyà ṣe, lọkàn mi fà sí jù. Ooru rẹ̀ kì í tíì dé 60°C tó fi máa yọ́, omi gbígbóná àti ọṣẹ sì tó láti fọ̀ ọ́ kúrò lára ìkòkò. Àmọ́ èyí tí ọ̀rẹ́ mi ṣe, ṣe ni ojú rẹ̀ hu funfun bí ìgbà tí wọ́n bu eérú sí i. Ó tún ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí òórùn rẹ̀ tó jinlẹ̀, ìyẹn sì pẹ́ lójú mi kéèyàn tó mọ̀ bóyá òwú tó lò tọ́.

Ìda parafíìnì máa ń gbé òórùn jáde dáadáa, ṣùgbọ́n inú epo rọ̀bì ló ti wá. Ìda oyin ní tirẹ̀ le jù fún inú ife.

Ṣé kí n lo sóyà nìkan, àbí èyí tí wọ́n po mọ́ parafíìnì? Ife mi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7. Òwú wo ló máa yọ́ ìda náà dé etí ife láìrú èéfín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo méjèèjì rí, ẹ là mí lọ́yẹ̀.